Nínú Ìjì Òjò Dídì, Afẹ́fẹ́ Ló Ń Pani

Òjò dídì lásán kì í ṣe ìjì. Ó lè rọ̀ láti alẹ́ mọ́jú, kó bo òrùlé àti ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí àwọn ọmọdé sì jáde lọ fi ṣeré láàárọ̀. Ohun tí National Weather Service ti Amẹ́ríkà ń pè ní blizzard ní òṣùwọ̀n tirẹ̀: kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ ní kìlómítà 56 láàárín wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí òjò dídì tó ń rọ̀, tàbí èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbá kúrò nílẹ̀, dí ojú débi pé ènìyàn kò ní rí ohun tó wà ní nǹkan bí mítà 400 sí i, kí èyí sì máa bá a lọ fún wákàtí 3 ó kéré tán. Òṣùwọ̀n náà kò sọ iye òjò dídì tó gbọ́dọ̀ rọ̀, kò sì sọ bí òtútù ṣe gbọ́dọ̀ mú tó. Afẹ́fẹ́ àti ojú tí kò ríran ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í: iye òjò tí wọ́n kéde ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo afẹ́fẹ́.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, èdè náà sì fi hàn. Yìnyín tí àwọn àgbà mọ̀ ni èyí tó máa ń já lu páànù nígbà òjò ńlá, tí àwọn ọmọdé ń ṣà sẹ́nu kó tó yọ́. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ní láti wá orúkọ mìíràn fún ti òyìnbó, òjò dídì ni wọ́n sì pè é. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Chicago tàbí Toronto kì í da ara wọn láàmú tó bẹ́ẹ̀. Sínóò ni wọ́n ń pè é. Lójú ẹni tó dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ohun tó sún mọ́ ọn jù ni ọyẹ́, torí ọyẹ́ náà ń dí ojú, ó ń mú kí ètè là, ó sì ń mú kí awakọ̀ tan iná lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n súwẹ́tà kan ti tó fún ọyẹ́. Ẹni tó bá rò pé ìjì òjò dídì kò ju ọyẹ́ tó le díẹ̀ lọ yóò múra bí ẹni tó ń lọ síta láàárọ̀ ọyẹ́, ara kò sì ní gba irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń pàdé kí ìjì yìí tó bẹ́: afẹ́fẹ́ tútù nini nítòsí ilẹ̀, ọ̀rinrin tí yóò di òjò dídì, àti ìyàtọ̀ nínú agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ilẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti fúyẹ́ ni èyí tó wúwo ń rọ́ lọ. Bí ìyàtọ̀ láàárín ibi méjèèjì bá pọ̀, tí wọn kò sì jìnnà síra, eré ni afẹ́fẹ́ yóò máa sá. Ìdí nìyẹn tí ìjì òjò dídì fi wọ́pọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, níbi tí kò ti sí òkè tí yóò dá afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti Àríwá dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Èyí tó pa ènìyàn jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Iran ní oṣù Kejì ọdún 1972. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn ló kú, odidi abúlé sì wà tí òjò dídì bò mọ́lẹ̀ pátápátá.

Buffalo, ìlú tó wà létí adágún Erie ní ìpínlẹ̀ New York, ni ilé ẹ̀kọ́ tó dára jù fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ó ti rí oríṣi méjì tí kò jọra. Adágún náà gùn tó kìlómítà 388. Láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù ló nà sí ìlà-oòrùn àríwá, ìparí rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn sì ni Buffalo jókòó sí. Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ tọ gígùn omi náà, orí Buffalo ló ń já sí.

Ní oṣù Kíní ọdún 1977, adágún náà ti dì gbagidi. Láti oṣù Kejìlá tó ṣáájú ló ti dì, òjò dídì sì ti ń rọ̀ sórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ó kóra jọ síbẹ̀ bí ìyẹ̀fun èlùbọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ dé ní ọjọ́ 28 oṣù náà, gbogbo ìyẹ̀fun yìí ló kó wọ ìlú. Òjò tuntun tó rọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan tí ìjì náà fi jà kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, èyí tí ará Buffalo kì í kà sí. Síbẹ̀ òkìtì ga dé òrùlé ilé, ènìyàn 29 kú, wọ́n sì rí àwọn kan nínú wọn nínú ọkọ̀ tí òjò dídì ti bò mọ́lẹ̀.

Ti oṣù Kejìlá ọdún 2022 gba ọ̀nà mìíràn wá. Adágún kò tíì dì nígbà náà, omi rẹ̀ sì móoru ju afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ lọ. Ẹni tó bá ti ṣí ìdérí ìkòkò omi gbígbóná níta láàárọ̀ ọyẹ́ ti rí irú rẹ̀ ní kékeré: bí ooru tó ń rú jáde bá ti pàdé òtútù, á di kùrukùru funfun lójú ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù náà ń fa ọ̀rinrin mu ní gbogbo gígùn adágún, nígbà tó sì gúnlẹ̀, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní òjò dídì. Ní pápákọ̀ òfúrufú Buffalo, ojú ọjọ́ wà ní ìwọ̀n blizzard fún wákàtí 37. Òjò dídì tó rọ̀ síbẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó parí lé ní sẹ̀ǹtímítà 130. Ènìyàn tó kú ní Erie County, níbi tí ìlú náà wà, lé ní 40.

Ìlú tó mọ òjò dídì bí ẹni mowó ni Buffalo. Ó ní ọkọ̀ tí ń gbá ọ̀nà, ó ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ náà ti mọ́ lára, ilé ibẹ̀ sì ní ẹ̀rọ amúlégbóná tó jẹ́ ti òtútù gidi. Kí ló wá dé? Ọkọ̀ tí ń gbá ọ̀nà há. Ọkọ̀ panápaná há. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn há. Àwọn tó lọ yọ ará ìlú fúnra wọn di ẹni tí wọ́n ní láti wá yọ. Fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà pàjáwìrì lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kò sí bí irin iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó tó lè rìn nígbà tí awakọ̀ kò rí imú ọkọ̀ rẹ̀. Bí ìjì bá ti dé, ìrànlọ́wọ́ ti tán nìyẹn; ohun tí ènìyàn bá ti ṣe sílẹ̀ ni yóò jẹ.

Fún ìdí yìí ni ọ̀rọ̀ àsìkò fi ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ lọ. Àwọn aláṣẹ ojú ọjọ́ ti ń kéde ìjì 2022 fún ọjọ́ mélòó kan kó tó dé, wọn kò sì fi ẹnu dídùn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àṣẹ tó fòfin de ìrìn ọkọ̀ ní Erie County kò bẹ̀rẹ̀ títí di agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá. Ìjì ti wọlé nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ òwúrọ̀ sì ti kúrò nílé. Ìwádìí tí New York University ṣe nípa ìjì náà, tó jáde ní ọdún 2023, dá ìpẹ́ yìí lẹ́bi. Ó sì fi ohun mìíràn hàn tó yẹ kó dun ni: àwọn aláwọ̀ dúdú lé ní ìdajì àwọn ará ìlú Buffalo tó kú, bẹ́ẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta àwọn olùgbé ìlú náà lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé ní East Side, níbi tí ilé ti gbó, tí ibi tí wọ́n ti lè ra oúnjẹ kò sì pọ̀.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí wọn kò jókòó sílé, ṣebí wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀. Ẹni tó ń gba owó wákàtí ló mọ ìdáhùn. Bí kò bá lọ síbi iṣẹ́, kò sí owó; bí kò bá lọ lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ lè bọ́. Ìkìlọ̀ kò gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, àṣẹ ìjọba ló ń gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun gbọ̀ngbọ̀n, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìtọ́jú àwọn arúgbó ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣe, iṣẹ́ tí kì í dúró fún òjò. Ìjọba tó bá mọ̀ pé òun máa ti ọ̀nà láàárọ̀ ọ̀la, alẹ́ òní ló yẹ kó sọ ọ́, kí ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ òru lè mọ̀ bóyá kó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì dání tàbí kó má lọ rárá.

Ó tún yẹ kí ènìyàn mọ èdè tí wọ́n fi ń kéde. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ní watch, ìjì lè ṣẹlẹ̀, kí oníkálukú múra. Bí wọ́n bá ní warning, ó ti ń ṣẹlẹ̀ tàbí ó kù sí dẹ̀dẹ̀, kí ẹsẹ̀ kúrò níta. Ní Britain, àwọ̀ ni Met Office, ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ibẹ̀, ń lò: yẹ́lò, amber, lẹ́yìn náà pupa. Pupa kò wọ́pọ̀. Wọ́n gbé e jáde fún àárín gbùngbùn Scotland ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2018, ohun tó sì túmọ̀ sí ni pé ẹ̀mí wà nínú ewu, kí ẹnikẹ́ni má rìnrìn-àjò.

Ewu àkọ́kọ́ níta ni ojú. Nínú ìjì náà, ilẹ̀ funfun, ojú ọ̀run funfun, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn funfun. Ẹni tó dúró síbẹ̀ kò mọ ibi tí ilẹ̀ pin sí. Kò ní òjìji, kò ní àmì, ariwo afẹ́fẹ́ sì ń gba ohùn lọ. Ọjọ́ 12 oṣù Kíní ọdún 1888 ni àpẹẹrẹ tó burú jù ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Amẹ́ríkà. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn ọmọdé kan tilẹ̀ lọ sílé ìwé láìwọ ẹ̀wù òtútù. Kí ilé ẹ̀kọ́ tó pa, ìjì ti dé. Wọ́n fojú bù ú pé ènìyàn 235 ló kú, tí ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ ilé ìwé tó ń gbìyànjú láti dé ilé. Àwọn mìíràn kú sí ìtòsí ilẹ̀kùn tí wọn kò rí. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́n a máa so okùn láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibùso ẹran, okùn náà ni yóò sì dì mú lọ, tí yóò dì mú bọ̀.

Ewu kejì ni ti ara. Ara ènìyàn ń mú afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká móoru, bí ẹni pé ó wọ aṣọ kan tí a kò rí. Afẹ́fẹ́ líle ń bọ́ aṣọ yìí kúrò lára, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ mímu gbígbóná kó lè tutù. Nígbà tí òtútù bá wà ní ìwọ̀n -18 ní Celsius, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ ní kìlómítà 24 láàárín wákàtí kan, ara yóò máa tutù bí ẹni pé ìwọ̀n náà jẹ́ -28. Awọ ara tí a kò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú 30. Afẹ́fẹ́ kìlómítà 24 kò sì tíì tó ìdajì ti blizzard.

Ìka ọwọ́, ìka ẹsẹ̀, etí àti imú ló ń kọ́kọ́ dì. Á kọ́kọ́ máa ta, lẹ́yìn náà kò ní mọ nǹkan kan mọ́, ibẹ̀ á sì le bí abẹ́là. Ìwé ìtọ́jú a máa sọ pé awọ yóò funfun tàbí kó pọ́n, ṣùgbọ́n lára aláwọ̀ dúdú, àyípadà náà kì í hàn bẹ́ẹ̀. Ó lè rí bí eérú, ó sì lè má hàn rárá. Nítorí náà, kí aláwọ̀ dúdú fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n, kó má dúró de ohun tí ojú máa rí. Ìtọ́jú rẹ̀ ni omi lọ́wọ́ọ́wọ́, nígbà tí aláìsàn bá ti dé ibi tí kò ti ní dì mọ́. Kò sí àyè róòbù níbí. Fífi ọwọ́ ra á ń pa ẹran ara tó ti dì lára. Yíyá a níná sì léwu, torí ibi tó ti kú kò ní mọ̀ nígbà tó bá ń jó.

Bí òtútù bá wọ inú lọ, tí ìwọ̀n ooru ara sì já wálẹ̀ láti nǹkan bí 37 sí ìsàlẹ̀ 35, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìka. Aláìsàn á máa gbọ̀n rìrì, ọ̀rọ̀ á máa wọ́ lẹ́nu rẹ̀, kò ní lè di bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀. Nígbà tí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró, àwọn tó yí i ká lè rò pé ara ti ń yá, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà gan-an ló burú jù. Wọ́n ti rí àwọn kan tó bọ́ra sí ìhòhò nínú òtútù nítorí pé ọpọlọ ti dàrú, ó ń sọ fún wọn pé ooru ń mú wọn. Àyà, ọrùn, orí àti abẹ́ itan ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú gbóná, pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ọtí kò sí lára ìtọ́jú yìí, ì báà jẹ́ whisky tàbí ògógóró. Ó ń ṣí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sí ojú awọ, ara á gbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru inú á sì máa sá jáde.

Nípa aṣọ, fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà lórí ara wọn sàn ju nínípọn kan lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn ló ń pa ooru mọ́. Kí ti òde má gba omi, kó má sì gba afẹ́fẹ́. Aṣọ òwú tó bá ti rin, ọ̀tá ara ni.

Ọkọ̀ ni pańpẹ́ tó mú ènìyàn jù. Ní Chicago, ní alẹ́ ọjọ́ kíní sí ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 2011, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ló há sí Lake Shore Drive, ọ̀nà ńlá tó gba etí adágún kọjá, tí àwọn tó ń darí lọ sílé láti ibi iṣẹ́ sì jókòó sínú wọn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tí irú rẹ̀ bá bá, inú ọkọ̀ ni kó dúró sí, àyàfi tó bá ń fi ojú ara rẹ̀ rí ilé tó lè sá wọ̀. Ọkọ̀ rọrùn láti rí ju ènìyàn lọ. Kí ó tan ẹ́ńjìnnì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín wákàtí kan, kó sì ṣí fèrèsé díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó tan án, kó kọ́kọ́ jáde lọ wo sàléńsà, kó gbá òjò dídì kúrò lẹ́nu rẹ̀, kó má sì jìnnà sí ara ọkọ̀ nígbà tó bá ń ṣe é. Sàléńsà tó dí ń dá èéfín padà sínú ọkọ̀, gáàsì olóró tó wà nínú rẹ̀, carbon monoxide, kò sì ní òórùn tí yóò jí ẹni tó ń sùn. Kí ó so aṣọ pupa mọ́ ibi tó ga, kó tan iná inú ọkọ̀ lálẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kó sì máa mi apá àti ẹsẹ̀. Ohun tó yẹ kó ti wà nínú bùùtù láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù kò wọ́n: bùláńkẹ́ẹ̀tì, omi, ohun jíjẹ, tọ́ọ̀ṣì, ṣọ́bìrì, iyanrìn fún táyà tó ń yọ̀, àti ohun tí wọ́n lè fi gba iná sí fóònù.

Ní Cheektowaga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Buffalo, ọkùnrin kan tí ìjì 2022 há mọ́ ojú ọ̀nà rí ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí. Ó fọ́ fèrèsé rẹ̀, ó wọlé, ó sì ń jáde lọ kó àwọn mìíràn láti inú ọkọ̀ wọn títí wọ́n fi lé ní 20, arúgbó wà nínú wọn. Oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n jẹ. Ó kọ ìwé ìtọrọ àforíjì sílẹ̀ nítorí fèrèsé tó fọ́. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ń wá a lẹ́yìn náà, ọpẹ́ ni wọ́n fẹ́ dú.

Inú ilé pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀, pàápàá bí iná mọ̀nàmọ́ná bá lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù ńlá bo Texas, ìpínlẹ̀ tí kò múra sílẹ̀ fún un. Nǹkan bí mílíọ̀nù 4.5 ilé àti ilé iṣẹ́ ni kò ní iná, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ka ènìyàn 246 tó kú. Houston, tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí gan-an, wà lára ibi tó kàn. Àwọn ìdílé kan gbé èédú tí wọ́n fi ń yan ẹran wọlé, àwọn mìíràn tan ọkọ̀ sínú gáréèjì láti yá ooru rẹ̀, àwọn kan sì gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Carbon monoxide ló pa nínú wọn. Gáàsì yìí ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀, àwọn tó ń sùn kò sì ní rí àmì kankan.

Kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún ọmọ Nàìjíríà. Ìdílé mélòó ni jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I better pass my neighbour ti pa mọ́jú nítorí pé wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí olè má baà jí i? Òfin kan náà ló wà ní Houston àti ní Agége: kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ilé tó mítà 6 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, kí èédú má wọ ilé, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ààrò gáàsì yá iná. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ké nígbà tí carbon monoxide bá wà nínú ilé kì í wọ́n ní Amẹ́ríkà àti Britain. Èyí tó ń lo bátìrì ló dára, torí iná tó lọ kò ní pa á lẹ́nu mọ́. Fún ooru, kí gbogbo ará ilé kóra jọ sínú yàrá kan, kí wọ́n fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, kí wọ́n jẹun dáadáa.

Lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, ṣọ́bìrì ló kù, òun náà sì ń pani. Òtútù ń mú kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sún kì, ẹ̀jẹ̀ ń ru, ọkàn ń ṣiṣẹ́ kọjá agbára, nígbà náà ni ẹni ọdún 60 tó ti jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta wá dìde lọ gbé òjò dídì tó tutù, tó wúwo bí amọ̀. Àìsàn ọkàn wà lára ohun tó pa àwọn ará Buffalo ní 2022. Títì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dára ju gbígbé e lọ, díẹ̀díẹ̀ ni kí ó sì jẹ́. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó wá ọmọ àdúgbò tó lágbára fún iṣẹ́ náà.

Ní Buffalo, ojú ọjọ́ móoru lójijì kí ọdún náà tó parí, òjò dídì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Àwọn ológun National Guard ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé ní àdúgbò tí iná ti lọ, wọ́n ń béèrè ẹni tó wà nínú ilé, wọ́n sì ń wo àwọn ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí jáde lábẹ́ òkìtì.